Ọjọ́ Márùn-ún Lẹ́bàá Odò Cane

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá 2024

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la kúrò ní Charlotte, North Carolina, à ń lọ ran àwọn tí ìjì bà jẹ́ lórí òkè lọ́wọ́. Àwa méje, ọkọ̀ méjì, pẹ̀lú tírélà kékeré kan tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Jẹnẹrétọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ìgégi mẹ́ta, ṣọ́bìrì, bárò, tapólì, omi mímu, pámpáàsì ọmọdé àti ti àgbà. Àǹtí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín wa ló ní ká má gbàgbé ti àgbà. Ó ní gbogbo ènìyàn ló máa ń rántí ọmọ ọwọ́, àgbàlagbà tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ṣẹ.

Ọjọ́ kẹtàlá rèé tí ìjì Helene ti jà. Alẹ́ 26 Oṣù Kẹsàn-án ló gúnlẹ̀ sí ìtòsí Perry ní Florida, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré 140 máìlì ní wákàtí kan. Àwọn ará òkè ìwọ̀-oòrùn North Carolina jìnnà síbẹ̀ ju 300 máìlì lọ; wọn ò ka ara wọn mọ́ ẹni tí ìjì òkun ń bá jà. Ṣùgbọ́n òjò mìíràn ti ń rọ̀ lé wọn lórí kó tó dé, ilẹ̀ ti mu omi yó. Nígbà tí Helene wá dé, òkè dí i lọ́nà, ó sì tú gbogbo omi tó ti rù bọ̀ láti òkun dà sí wọn lórí. Ní Busick, ní Yancey County tí à ń lọ yìí, òjò tí wọ́n wọ̀n lé ní 30 ínǹṣì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó ń rọ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún kan gbáko kò ju nǹkan bí 50 ínǹṣì lọ. Ẹ bá mi fi wé ara wọn.

Alẹ́ àná ni ìjì mìíràn, Milton, tún kọlu Florida. Gbogbo ohun tí rédíò ọkọ̀ ń sọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n pa á, ó ní, "Wọ́n ti ń yí ojú kúrò lára àwọn ará òkè nìyẹn."

A gba I-85, a gba US 74, a wá bọ́ sí I-26. Nígbà tí a dé Asheville, a rí odò French Broad. Odò náà ti padà sí àyè rẹ̀, ó ń ṣàn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbójú sókè, ẹ óò rí ọ̀rá, aṣọ, àti páìpù tó ń fì lórí ẹ̀ka igi, níbi tó ga ju ilé lọ. Ibẹ̀ ni omi dé. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní 24.67 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì ré kọjá ti ọdún 1916 tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pìtàn láti ìran dé ìran. Omi ẹ̀rọ ìlú náà kò ṣeé mu rárá. (Mo ń fi èyí kún un lẹ́yìn tí mo padà: ó di 18 Oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó kéde pé ó ti ṣeé mu.)

Láti Mars Hill títí wọ Yancey, ẹ̀gbẹ́ òkè kún fún ojú egbò pupa, níbi tí ilẹ̀ ti já tó sì wọ́ igi, òkúta àti ilé wálẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ padà ka irú rẹ̀ tó lé ní 2,000 káàkiri agbègbè náà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ wa fún nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Ilé àwọn panápaná ni wọ́n ní ká lọ. Ní ìgbèríko ibí yìí, panápaná kì í gbowó oṣù; àgbẹ̀ ni wọ́n, wẹ́dà ni wọ́n, bí agogo bá dún wọ́n á ju iṣẹ́ sílẹ̀. Obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ìwé alákọsílẹ̀ kan wà níwájú rẹ̀, èèpo rẹ̀ ti ya. Mo rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Rárá o. Ó ti wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní àfonífojì náà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò sí ilé tí kò dúró níwájú rẹ̀ rí, kò sí ọmọ tí kò gbé. Lọ́jọ́ kejì ìjì, tí fóònù ti kú, tí iná ti lọ, tí afárá ti já, òun ló jókòó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan láti orí: ẹni tó ń gbé ibẹ̀, iye wọn, ẹni tó ń lo oògùn, ẹni tí wọn ò tíì rí.

Kò bi wá ní ohun tí a gbé wá. Ohun tó bi wá ni pé, "Kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe?" Ẹ̀gbọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà ni òun. Àǹtí ní nọ́ọ̀sì ni òun. Èmi ní mo lè gbé ẹrù. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo inú tírélà, ó rí pámpáàsì àgbà, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní ilé kan wà lókè níbẹ̀ tí ọmọ ti ń gé aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì fi di ìyá rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ibẹ̀ ni Àǹtí kọ́kọ́ lọ, kó tó mu omi rárá.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹwàá

Inú ilé ìjọsìn ni a sùn, lórí àga gígùn. Òtútù mú. Àgbájọ ẹrẹ̀ tó ti gbẹ lójú ọ̀nà ti di eruku, gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá ló ń ru ú sókè, a sì ń fi aṣọ bo imú bí ẹni tó ń rìn nínú ọyẹ́.

Ilé tí wọ́n pín wa sí jẹ́ ti olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé. Ìlà ẹrẹ̀ wà lára ògiri, ó dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n mi. Iṣẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé. Ẹ ó kó gbogbo ohun tó wà nínú ilé jáde. Ẹ ó fi ṣọ́bìrì ha ẹrẹ̀. Ẹ ó ya bọ́ọ̀dù ògiri láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí omi ò dé, ẹ ó fa òwú tí wọ́n fi ń dènà òtútù jáde kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé ó ti mu omi, ó sì ti ń bu dúdú dúdú. Ẹ ó wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Bí wọ́n bá fi ìyẹn sílẹ̀ pẹ́, gbogbo igi ilé náà á jẹrà. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn, nítorí pé ẹrẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹrẹ̀ oko lásán. Epo ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, omi ṣaláńgá wà nínú rẹ̀.

Màmá tó ni ilé kò sunkún nígbà tí a gbé fìríìjì rẹ̀ jáde, kò sunkún nígbà tí a gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jáde. Ó jókòó lórí korobá tó dojú dé. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan nínú wa gbé àpótí páànù kékeré kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹrẹ̀ kún un. Màmá dìde. Inú àpótí náà ni ìyá rẹ̀ tó ti kú ń kọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ sí, lórí páálí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi omi inú ìgò ṣàn wọ́n, ó ń tẹ́ wọn sórí koríko nínú oòrùn, ó sì ń fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Mo bá a ṣe é. Yíǹkì ti ṣàn lára púpọ̀ nínú wọn. Èyí tó ṣì ṣeé kà, ó kà á sókè: búrẹ́dì àgbàdo, èso ápù inú ìgò, ẹ̀wà. A tẹ́ mọ́kànlélógójì. Ìgbà yẹn ló sunkún.

Mo ń pè é ní "Màmá", ó sì bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé nílé wa, a kì í fi orúkọ pe ẹni tó tó bí wa. Ó ní àwọn náà kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Òótọ́ ni, mo ti kíyè sí i: ọmọ òkè yìí kò ní dá àgbà lóhùn láì fi "sà" tàbí "mà" kún un. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà ní Amẹ́ríkà, n ò rí ibi tí ara ti tù mí tó báyìí lórí ọ̀rọ̀ ìkíni.

Táyà ọkọ̀ kejì jò nírọ̀lẹ́. Ìṣó. Ìṣó wà níbi gbogbo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Òní ni mo fẹ́ kọ jù.

Odò kékeré kan wà tó ń ṣàn wọ inú odò Cane. Ní òdì kejì rẹ̀ ni ilé tọkọtaya àgbà kan wà. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dáa, ọ́síjìn ló fi ń mí. Afárá tó wọ ilé wọn, omi gbé e lọ, igi àti kọnkéré. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti há sí òdì kejì. Wọ́n fẹ́ gbé wọn jáde, Bàbá kọ̀. Ó ní ibi tí wọ́n bí òun sí nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan tó jẹ́ aládùúgbò wọn ló ta okùn láti igi kan sí ìkejì, ó fi rólà kan sí i, ó so korobá mọ́ ọn. Inú korobá yẹn ni oúnjẹ ń gbà kọjá, inú rẹ̀ ni oògùn ń gbà, inú rẹ̀ ni sílíńdà ọ́síjìn ń gbà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé kó má bàa gbá òkúta. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Okùn ti bó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Mo gbá a lọ́wọ́ mú, ó le bí èèpo igi.

Ohun kan wà tí n ò mọ̀ kí n tó dé ibí. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń tún ọ̀nà ńlá ṣe. US 19W tó tẹ̀lé odò Cane, tí omi jẹ ní ibi púpọ̀, àwọn ni wọn óò ṣe é. Ṣùgbọ́n afárá tó wọ ilé ẹni, tẹni ni. Ìnṣọ́ráǹsì ilé tí gbogbo ènìyàn ń san kì í sì í san owó ìkún omi. Bí odò bá sì wà láàárín ilé rẹ àti títì, bí ó ti wù kí wọ́n tún títì ṣe dáadáa tó, o ṣì há. Ìdí nìyí tí obìnrin oníwèé fi ya ojú ìwé ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún afárá nìkan. Ilé tí aláìsàn wà ló kọ́kọ́ wà lókè.

Irin gbọọrọ méjì ti wà nílẹ̀ nígbà tí a dé. Ẹnì kan ládùúgbò ti tọ́jú wọn láti fi kọ́ ilé màlúù tirẹ̀. Ó kó wọn wá, kò gba kọ́bọ̀. Ẹlòmíràn ló ni katakata tó ń to òkúta ńláńlá sí bèbè lápá méjèèjì. Bàbá arúgbó kan tó ní ẹ́ńjìnnì ìlapákó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń la igi oak tí ìjì wó sí pákó, pákó tó nípọn bí ìka mẹ́rin tí a tò pọ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àfonífojì náà, ó ń ta sánsán bí ọtí kíkan.

Ẹ̀gbọ́n àti Bàbá onípákó yẹn, ẹ bá mi wò wọ́n. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa, nítorí pé ohùn òkè Bàbá náà nípọn, ti Ẹ̀gbọ́n náà sì jẹ́ ti Èkìtì pọ́ńbélé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n tẹ́ pákó méjì, ó fi àlàfo sí àárín wọn kí omi òjò lè máa ráyè jò. Bàbá mi orí, ó sún wọn pọ̀ kí wọ́n kan ara wọn. Ó ní igi tútù ni. Bó bá gbẹ, á fà sẹ́yìn, àlàfo á yọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá òun sọ fún òun l'Ádó-Èkìtì nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn gẹ́lẹ́, pé òun ti gbàgbé torí pé pákó gbígbẹ ni òun ń rà ní ilé ìtajà láti ọjọ́ yìí. Láti ìgbà yẹn, Bàbá kò pe ẹlòmíràn mọ́ bó bá fẹ́ wọn nǹkan. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè.

Oak le. Bí ẹ bá kàn án ní ìṣó láì kọ́kọ́ lu ihò, ìṣó á ká. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn látàárọ̀: mo ń lu ihò, ẹlòmíràn ń ki nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́, ẹnì kẹta ń fi sípánà fún un. Títí aago mẹ́fà, a tẹ́ ìdajì. Ìyá tó wà ní òdì kejì gbé àga rẹ̀ wá sí bèbè odò, ó ń wò wá, ó ń ka pákó. Bí a bá tẹ́ ọ̀kan, á gbé ìka sókè sọ iye rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ tó wà lójú fèrèsé.

Ọ̀wẹ̀ ni mo ń wò yìí. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, nígbà tí àwọn bàbá wa ń ya ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò, tí ẹni tó ní àdá ń mú àdá wá, tí ẹni tí kò ní nǹkan kan ń gbé omi. Mo ti rò pé ohun tí a fi sílẹ̀ sílé ni.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Wọn kò ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ìsìn kúkúrú, níta, nítorí inú ṣọ́ọ̀ṣì kún fún ẹrù ìrànlọ́wọ́. Pásítọ̀ ka orúkọ àwọn tí ó kú ní àfonífojì wọn, kò ka nǹkan mìíràn lé e. Ní ìpínlẹ̀ yìí nìkan, ẹni tó kú lé ní 100. Mo bojú wo ilẹ̀.

Ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo ni a jẹ. Àwa gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí a sè ní Charlotte jáde, a sì ti dín ata rẹ̀ kù. Wọ́n ní ká má dín in kù nígbà mìíràn.

Lọ́sàn-án, mo jókòó ti àwọn àgbà nídìí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so mọ́ ilé panápaná, mò ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń ran àwọn tí àjálù bá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àhesọ ti jà débi pé ẹlòmíràn kò fẹ́ fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù náà: wọ́n ní 750 dọ́là ni gbogbo ohun tí wọ́n máa fúnni, pé ìjọba sì máa gba ilẹ̀ wọn lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó kíákíá ni 750 yẹn, fún oúnjẹ, omi àti oògùn. Ọ̀tọ̀ ni ti àtúnṣe ilé àti owó ilé àyágbé. Èmi sọ ọ́, wọ́n ń wò mí. Obìnrin oníwèé sọ ohun kan náà, wọ́n mú bírò. Mi ò bínú; àwọn ọmọ wọn ló gbé lọ sílé ìwé, èmi ò gbé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé àwọn tó ní rédíò alátagbà ló kọ́kọ́ mú ìròyìn jáde ní àfonífojì yìí, nípasẹ̀ ẹ̀rọ tó wà lórí Mount Mitchell, òkè tó ga jù ní gbogbo apá ìlà-oòrùn odò Mississippi. Àwọn ìbaaka náà gbé oògùn gun òkè níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Ní Spruce Pine, ní ẹkùn ìjọba tó múlé gbè wọ́n, ni wọ́n ti ń wa òkúta kúọ́ọ̀sì (quartz) mímọ́ tí wọ́n ń lò níbi tí wọ́n ti ń ṣe kóró (chip) inú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ó ṣeé ṣe kí òkè yìí ní ọwọ́ nínú ohun tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ mi. Àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ sì ń fi korobá gba oògùn.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá

Aago mẹ́fà àárọ̀ la ti wà létí odò, ìrì ṣì wà lórí pákó. Kí aago mẹ́wàá tó lù, Ẹ̀gbọ́n fún nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Wọn ò tíì fi igi ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Onípákó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì gùn ún. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ tó kún fún pákó sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó dúró ní àárín gbùngbùn, ó pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wa dákẹ́. A ń gbọ́ igi tó ń ké wín-ín, lẹ́yìn náà kò ké mọ́. Ó ṣíná, ó kọjá.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún yẹn ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Ó gbé sílíńdà ọ́síjìn méjì, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan, kò wo ìsàlẹ̀. Ìyá dúró dè é ní òdì kejì. Ó gba àwọn sílíńdà náà, ó gbé wọn kalẹ̀, ó sì mú ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wò ó pẹ́. N ò gbọ́ ohun tó sọ fún un.

Bàbá, ọkọ ìyá náà, jáde sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀. Ó béèrè ibi tí igi oak náà ti wá. Wọ́n sọ fún un. Ó ní òun mọ igi náà. Abẹ́ rẹ̀ ni òun ti máa ń so ẹṣin nígbà tí òun ń lọ fẹ́ ìyàwó òun.

Aago kan ọ̀sán la kúrò. Obìnrin oníwèé ya ojú ìwé kan fún wa. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe rí, kí n má bàa gbàgbé.

Ọjọ́ Ẹtì 25, bí ẹ bá lè wá. Búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ogójì. Sítóòfù tí kò lo iná. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́, ńlá. Nọ́ọ̀tì gígùn, ọgọ́ta. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà padà wá. Afárá kejì: ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ìtẹ́ òkú, ìyá kan àti ọmọ mẹ́ta, odò náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún.